Ta ló kun ọmọ yín nínú skáànì?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú dánfó láti Abúlé Ẹ̀gbá sí Ìyánà Ìpájà, ọkùnrin kan ń fi skáànì oyún ìyàwó rẹ̀ han ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù. "Wo bí ọmọ ṣe pupa! Èmi dúdú, ìyá rẹ̀ náà dúdú." Àwàdà ló fi ṣe o, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un sọ.

Ẹ gbọ́ ná. Ìró tí etí wa ò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ yẹn ń rán sínú ikùn. Bó bá ta padà, kọ̀ǹpútà á fi ya àwòrán. Ìró ò mọ pupa, kò mọ dúdú. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ló yan àwọ̀ ara yẹn, bọ́tìnì kan sì lè sọ ọ́ di àwọ̀ eérú. Kódà pupa àti búlúù tí wọ́n fi ń han ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, ibi tí ẹ̀jẹ̀ dorí kọ ló ń sọ, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti kọjá oyún báyìí. Àwọn onímọ̀ ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti kun skáànì CT àti MRI, kí ẹ̀dọ̀ lè rí bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ikùn. Kò sí àwọ̀ kankan nínú skáànì náà. Kọ̀ǹpútà kàn ń fi fọ́tò tí wọ́n ti fi hàn án méfò ni. Níbo ni wọ́n ti ń rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀? Èyí tó lókìkí jù ni ti Visible Human Project ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan tí ìjọba Texas pa nípa ìdájọ́ ní 1993 ló yọ̀ǹda òkú rẹ̀. Wọ́n mú un dì bíi yìnyín, wọ́n rẹ́ ẹ sọ́nà 1,871, wọ́n sì ya ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò. Ṣé àwọ̀ òkú tó dì ni ká wá fi mọ ẹ̀dọ̀ ìyá wa l'Ágége?

Mi ò ní kí wọ́n má lò ó. Dókítà tó fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ fún ìyá àgbà máa gbádùn rẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni ti aláìsàn tó máa rí ẹ̀dọ̀ tó ń dán, tó máa ní ara òun le, tí ò sì ní padà sílé ìwòsàn mọ́.

Abala 23 òfin ìlera wa, National Health Act 2014, ní kí wọ́n sọ ipò ìlera aláìsàn fún un ní èdè tó gbọ́. Lójú tèmi, àlàyé yẹn ò pé tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ ọ̀dà pamọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára àwòrán: "Kọ̀ǹpútà ló kun àwọ̀ yìí." Kí wọ́n sì fún èèyàn ní èyí tí wọn ò kùn mọ́ ọn.

Mo ṣàlàyé fún ọkùnrin inú dánfó yẹn. Ó wò mí títí. "Ẹ̀gbọ́n, a sanwó o, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa níbẹ̀."