Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Lọ́dọọdún, bí èsì ìdánwò JAMB bá jáde, ìbànújẹ́ a máa wọ ilé púpọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ àti agbègbè rẹ̀. Ẹni tí kò yege a rò pé ayé òun ti dojú rú. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ wá oníṣẹ́ màgòmágó lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ wo Olóyè Afẹ́ Babalọlá, ọmọ Adó-Èkìtì tí a bí ní 1929. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, kò sí owó girama. Ẹ̀kọ́ tí a ń fi ránṣẹ́ láti ìlú Òyìnbó ni ó dá kọ́ nílé, títí ó fi gba oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1959, tí ó sì di lọ́yà ní 1963. Ní 2009, ó dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó.

Ìfàsẹ́yìn fúnra rẹ̀ kò ní èrè. Ohun tí a bá kọ́ nínú rẹ̀ ni èrè. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń dá kàwé ti ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ra èsì, òfo ni ó rà.

Nítorí náà, ẹ tún ìwé gbé, kí ẹ sì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ọn. Sùúrù kì í ṣe ìjókòó lásán. Kí Ọlọ́hun là wá lọ́nà. Àmín.