A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ta Ló Ni Iye Tí Wọ́n Ń Kà Nípa Ìfètòsọ́mọbíbí?

 

Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ti ìjọba ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, òṣìṣẹ́ ìlera máa ń ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan. Yóò ka iye obìnrin tó gba abẹ́rẹ́, iye tó gba oògùn oníhóró, iye tí wọ́n fi tiwọn sí apá àti iye tí wọ́n fi tiwọn sí ilé ọmọ. Iye náà yóò lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Láti ibẹ̀, Ìbàdàn á rí i, Àbújá á rí i. Àwọn obìnrin Àkẹ̀sán tí wọ́n kà nìkan ni kì í rí i. Ẹnikẹ́ni kì í padà tọ̀ wọ́n wá láti bi wọ́n pé: ‘Ohun tí a kà nípa yín rèé, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?’ Èrò mi ni pé ó yẹ kí ìbéèrè yẹn di dandan, àti pé àwa onísẹ̀ṣe ló yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè fún un.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ dín wa kù. Ìfura yẹn ní gbòǹgbò. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ètò iye ènìyàn jáde ní ọdún 1988, ohun tí ará ìlú gbọ́ nínú rẹ̀ ni ‘ọmọ mẹ́rin fún obìnrin kan’. Ọ̀rọ̀ náà dà bí àṣẹ láti òkè, ó sì bọ́ sórí obìnrin nìkan. Ṣùgbọ́n kí àlàfo wà láàárín ọmọ àti ọmọ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kó wá bá wa. Àwọn ìyá wa ń fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì sí mẹ́ta, wọ́n sì ń yẹra fún ọkọ ní gbogbo àkókò náà. Ìgbàdí wà, òrùka wà. Àwọn àgbà tó sọ pé ‘ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ’ kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kankan.

Ẹ jẹ́ kí a wo iye tó wà nílẹ̀. Ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe lórí iye ènìyàn àti ìlera ní ọdún 2018 fi ọ̀rọ̀ wá obìnrin 41,821 lẹ́nu wò jákèjádò Nàìjíríà. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó wà nílé ọkọ, 12 ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé, 5 ń lo ọ̀nà àtijọ́, 19 sì wà tí wọ́n fẹ́ dúró díẹ̀ tàbí kí wọ́n má bí mọ́, síbẹ̀ tí wọn kò lo ohunkóhun. Ìyá ọlọ́mú tó ń yẹra fún ọkọ rẹ̀ kò sí nínú àwọn tí wọ́n kà pé wọ́n ń lo ọ̀nà kankan nítorí ìyẹra náà. Wọ́n béèrè nípa rẹ̀ ní abala mìíràn, ṣùgbọ́n wọn kò pè é ní ìfètòsọ́mọbíbí. Èyí tó jẹ́ òpó ètò lọ́dọ̀ àwọn baba ńlá wa ti di àlàyé ẹ̀gbẹ́ ìwé.

Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo fi ń jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Bí o bá bi obìnrin kan ní Ọ̀yọ́ pé, ‘Ṣé ẹ ń ṣe ìfètòsọ́mọbíbí?’, ilé ìwòsàn ni ọkàn rẹ̀ máa lọ. Ẹni tí ìgbàdí wà ní ìdí rẹ̀ lè dáhùn pé rárá, kò sì purọ́. Bí o bá bi í pé, ‘Kí lẹ ń ṣe kí ọmọ má baà tètè lé ọmọ?’, ìdáhùn mìíràn lè jáde. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ìbéèrè òun dára, àfi kó bi àwọn tí òun ń bi í.

Ìwé ilé ìwòsàn náà ní ibi tí ojú rẹ̀ kò tó. Kì í ka ẹni tó ra oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Kì í ka ẹni tí wọ́n ní kó lọ mú ọkọ rẹ̀ wá, tí kò sì padà. Láti ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé ọ̀fẹ́ ni àwọn nǹkan wọ̀nyí ní ilé ìwòsàn ìjọba, ṣùgbọ́n iye kò sọ ẹni tó san owó ìbọ̀wọ́ àti owó abẹ́rẹ́ kó tó rí ọ̀fẹ́ náà gbà. Bí obìnrin kan bá gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí a kò rí i mọ́, ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ lóyún, ó lè jẹ́ pé ó kó kúrò nílùú, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ tí ẹ̀rù sì bà á. Ọ̀nà mẹ́ta, àmì kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin awo, ẹ mọ irú èyí. Ẹni tó wá dáfá yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó, awo kò ní gbọ́. Odù yóò jáde, awo yóò ki ẹsẹ kan tẹ̀lé òmíràn, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ni yóò sì sọ èyí tó bá ohun tó wà nínú rẹ̀ mu. A ó tún mú ìbò láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí a bá yọ ohùn onítọ̀hún kúrò, ilà lórí ìyẹ̀rosùn ló kù. Bẹ́ẹ̀ ni iye tó wà ní Àbújá ṣe rí: odù ti hù, a kò tíì bi ẹni tó dáfá.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò yọ àwa náà sílẹ̀. Ta ló ń kọ iye ìgbàdí tí a fún ènìyàn sílẹ̀? A máa ń ròyìn èyí tó jẹ́. Ta ló ń ka obìnrin tó lóyún tòun ti òrùka lọ́wọ́? Bí a bá fẹ́ kí wọ́n yé kó ohun tiwa sábẹ́ ‘àwọn yòókù’, a gbọ́dọ̀ gbà kí àwọn tó ń lò ó sọ ibi tó ti já wọn kulẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè kò ga jù. Ní ọdún 1980, Ilé Ìwòsàn Yunifásítì ti Ìbàdàn, UCH, pẹ̀lú Yunifásítì Columbia ti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní agbègbè Akínyẹlé ní ìpínlẹ̀ wa yìí, níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ láti mú ètò yìí dé ẹnu ọ̀nà àwọn ènìyàn. Ẹni tí a lè fún ní iṣẹ́ náà tó ẹni tí a lè bi léèrè. Ní Bìrìtéènì, ìlànà iṣẹ́ àwọn oníṣirò ìjọba ní kí wọ́n máa gbọ́ ohùn àwọn tó ń lo iye tí wọ́n ń gbé jáde. Nàìjíríà náà ní òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011, tó fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn bí ará ìlú bá béèrè fún àkọsílẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní Àtìbà, ní Ọ̀yọ́ Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn, ní Ògbómọ̀ṣọ́ Àríwá àti Gúúsù, ka iye rẹ̀ ní èdè Yorùbá níwájú ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù àti àwọn ìyálọ́jà. Kí àwọn obìnrin jókòó lọ́tọ̀, kí a bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni iye yìí fi sílẹ̀? Kí ló lé yín padà? Kí lẹ fẹ́ kí a máa kà? A kò gbọdọ̀ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Níbi tí iye bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àdúgbò lè fi mọ ẹni tí í ṣe, kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ti ibòmíràn kí wọ́n tó kà á síta. Àwa awo mọ bí a ṣe ń pa àṣírí mọ́. Ní ìjókòó tó tẹ̀lé e, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí ìdáhùn àwọn obìnrin yí padà.

Ire ọmọ ni a máa ń tọrọ lójoojúmọ́. Ọmọ tí a retí, tí ìyá rẹ̀ wà láàyè láti tọ́ ọ, ni ire náà. Ìyá yẹn ló ni orí tí wọ́n ń fá. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Àṣẹ.