Ẹ Yé Fi Orí Ọmọ Ọlọ́mọ Tajà

Mo tún gbọ́ ọ ní ọjà Mont-Bouët ní Libreville lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti tó gẹ́ẹ́. Ọmọdékùnrin kan ra àpò dídì tí wọ́n ń kó ère ìṣeré kékeré sí, ó ya á, jagunjagun tó ti ní nílé ló tún bá níbẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ọmọ Yorùbá tó tà á fún un ní, "Orí ẹ ló mú un fún ẹ. Tún òmíràn rà, orí lè gbè ọ́." Àwọn tó dúró tì wọ́n ń mirí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ kò ju èyí lọ: pé àpò tí a ò rí inú rẹ̀ kì í ṣe tẹ́tẹ́, torí kò sẹ́ni tó lọ lọ́wọ́ òfo, pé ohun tó bá jáde, ìpín ọmọ ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn bàbá tí kò ní jẹ́ kí ọmọ wọn sún mọ́ ibi tẹ́tẹ́ ẹṣin PMU.

Orí kọ́ ló di àpò yẹn. Ilé-iṣẹ́ ló dì í, wọ́n sì ti ka iye rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbé e dé èbúté Owendo. Lọ́dún 2000 ni ilé-iṣẹ́ WizKids ní Amẹ́ríkà gbé ère ogun Mage Knight jáde nínú páálí tí a kì í rí inú rẹ̀, ọgbọ́n tí eré káàdì Magic: The Gathering ti ń lò láti 1993. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast gbé D&D Miniatures jáde ní 2003, ère 8 ló wà nínú páálí: 4 tó wọ́pọ̀, 3 tí kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, 1 ṣoṣo tó ṣọ̀wọ́n. Orí ta ló pín in bẹ́ẹ̀? Ẹni tó fẹ́ ká padà wá rà ló pín in.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ká ní ère 12 ló pé ọ̀wọ́ kan, tí gbogbo wọn pọ̀ bákan náà, tí ẹyọ kan jẹ́ 1,000 fránkì. Bí wọ́n bá tò wọ́n síta gbangba, 12,000 ni ọmọ yóò fi kó gbogbo rẹ̀ jọ. Nínú àpò dídì, ti àkọ́kọ́ kò nira: ohun yòówù tó bá jáde, tuntun ni. Nígbà tó bá ti ní 6, ọ̀kan nínú àpò méjì tó bá rà yóò jẹ́ èyí tó ti ní. Nígbà tó bá wá ku ẹyọ kan ṣoṣo, bí a bá da ti ọ̀pọ̀ ọmọ pọ̀ tí a pín in dọ́gba, àpò 12 ni ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò rà kó tó rí ọ̀kan yẹn. Ẹ gbọ́ o: ère kan tó kẹ́yìn gba owó tí ìbá ra gbogbo ọ̀wọ́ náà! Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí àpò 37, ìyẹn 37,000 fránkì, tí ère 25 nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tó ti ní tẹ́lẹ̀. Ti ọmọ tí kò lóríire tí kò sì lóríburúkú nìyẹn, tó kàn wà láàárín. Bí ilé-iṣẹ́ bá wá sọ ọ̀kan di ọ̀wọ́n, bí wọ́n ti máa ń ṣe, owó náà tún ròkè.

Ohun tó sì ń dùn mí jù nìyí: àwa tí a máa ń gbàdúrà pé kí orí ọmọ má gbàbọ̀dè, àwa kan náà la ń sọ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé orí rẹ̀ kò gbè é, nítorí ère ike. Ọmọ náà ń lọ sílé, ó ń rò pé òun ni aláìlóríire. Ìwà ìkà ni! Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ọ́, ojú ò tì yín?

Wọ́n ní ìyàlẹ́nu ló dùn níbẹ̀. Ẹ wé ẹ̀bùn fún ọmọ yín, ìyàlẹ́nu náà nìyẹn. Wọ́n ní ṣebí àwa náà ń ra béèlì òkìrìkà láì tú u. Àgbàlagbà ló ń ra béèlì, a kọ irú aṣọ àti kílò rẹ̀ sára rẹ̀, bó bá sì tú u tán, yóò tà á. Ọmọ ò ní ìsọ̀.

Wọ́n ní bí a bá ṣí àpò náà sílẹ̀, òwò á kú. Irọ́ ni. Láti 2004 títí di 2010 ni Wizards of the Coast fi ta ère Star Wars nínú páálí àìrí-inú. Ní 2012, ilé-iṣẹ́ Fantasy Flight gbé eré X-Wing jáde, Star Wars kan náà, ọkọ̀ tó wà nínú páálí hàn síta, àwọn èèyàn sì rà á gidigidi.

Ṣáínà, níbi tí ọ̀pọ̀ ohun ìṣeré yìí ti ń wá, ti là á kalẹ̀ ní 2023 pé kí wọ́n má ta irú páálí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 8, àti pé òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fún èyí tó dàgbà díẹ̀.

Ẹ̀yin òǹtajà, ẹ tú àwọn àpò náà nínú ìsọ̀ yín. Ẹ kó ère sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, kí ẹ dá iye lé e: èyí tó wọ́pọ̀ 500, èyí tó ṣọ̀wọ́n 2,000, tàbí 5,000 bó bá wù yín. Bó bá wọ́n jù, bàbá ọmọ á rí i, á sì sọ pé rárá.