Ìrì Kì í Rọ̀, Sísẹ̀ Ni Ó Ń Sẹ̀: Ìperí fún Àwárí Ojú Ọjọ́ Ilẹ̀ Wa

Bí ènìyàn bá jí lọ sí oko ní Ìmẹ̀kọ ní oṣù Okúdù tàbí Agẹmọ, yóò rí i pé ìkùukùu ti bo ojú sánmà pẹrẹsẹ. Kì í ṣe èyí tí ó ṣú dùdù tí ń rọ òjò. Ó kàn tẹ́ lókè bí aṣọ funfun ni, oòrùn kì í sì í là á já títí di ìyálẹ̀ta, nígbà mìíràn títí di ọ̀sán gangan. Gbogbo àgbẹ̀ ibẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tí ó ń gbà dé ni àwọn onímọ̀ físíìsì kò fi ìwọ̀n mọ̀ dájú títí di àìpẹ́ yìí. Èrò mi ni pé àwárí tí ó tú àṣírí rẹ̀ sún mọ́ wa ju kí a jẹ́ kí ó wà ní èdè àjèjì nìkan lọ, àti pé ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a fi ṣàlàyé rẹ̀ ti wà lẹ́nu àgbẹ̀ kí ó tó dé orí tábìlì wa.

Ní oṣù Okúdù àti Agẹmọ ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pawọ́ pọ̀ ṣe ìwádìí tí a ń pè ní DACCIWA. Ibùdó mẹ́ta ni wọ́n yàn fún iṣẹ́ orí ilẹ̀: Kumasi ní Gánà, Ṣábẹ̀ẹ́ ní Orílẹ̀-èdè Benin, àti Ilé-Ifẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìlú Yorùbá ni méjì nínú mẹ́ta. Wọ́n ń fi bàlúùnù gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ sókè tọ̀sán-tòru, wọ́n ń fi ìtànṣán wọn gíga ìkùukùu, ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta sì ń gbéra láti Lomé.

Ohun tí wọ́n rí nìyí. Ní ọ̀sán, oòrùn máa ń mú kí afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ máa rú sókè-sódò, èyí kì í sì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tútù ti etí òkun wọ inú ilẹ̀ jìnnà. Nígbà tí oòrùn bá rẹlẹ̀, ìdènà náà a kúrò. Afẹ́fẹ́ òkun a wá máa wọlé bọ̀, a sì dé Ṣábẹ̀ẹ́, tí ó jìnnà sí òkun ní nǹkan bí kìlómítà 185, ní ìrọ̀lẹ́ tàbí àṣálẹ́. Ìṣàn afẹ́fẹ́ òru kan tí ó yára a sì máa gbé ìtutù náà lọ síwájú. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń tutù ni ọ̀rinrin tí ó lè gbà mọ́ra ń dín kù. Nígbà tí ó bá di ọ̀gànjọ́ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, a kún dé góńgó, omi àìrí inú rẹ̀ a sì di ẹ̀kán wínníwínní. Ìkùukùu tí àgbẹ̀ ń bá lókè láàárọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀fúùfù yìí kò mọ ààlà. Kétu ni orírun Ìmẹ̀kọ, ṣùgbọ́n àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọdún 1889 fi Kétu sí apá kan, ó fi Ìmẹ̀kọ sí apá kejì. Ìkùukùu kan náà ni ó ń bo ìlú méjèèjì ní òru kan náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ kan a kọ́ orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, èkejì a kọ́ ọ ní Faransé. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé ní ọjà, kò sí ohun tí wọ́n lè fi jíròrò ẹ̀kọ́ wọn bí kò ṣe Yorùbá, Yorùbá náà sì ni a kò fi kọ́ wọn.

Kí ni a ó wá pe ìṣẹ̀lẹ̀ tí omi àìrí inú afẹ́fẹ́ fi ń di ẹ̀kán? Olùkọ́ tí kò ní ìperí mìíràn yóò pè é ní "dídi omi". Ìṣòro ibẹ̀ ni pé yìnyín tí ó yọ́ náà di omi. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tí ó yàtọ̀ pátápátá ti wá ń jẹ́ orúkọ kan. Ọmọdé tí ó rí omi lára ìgò tútù a sọ pé ìgò ń làágùn, a sì rò pé láti inú ìgò ni omi náà ti jáde. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí àgbẹ̀. Òjò a máa rọ̀. Ìrì ní tirẹ̀, sísẹ̀ ni ó ń sẹ̀. Àwọn baba wa kò lo ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà fún méjèèjì, nítorí wọ́n rí i pé ìrì a máa wà lára ewé ní òru tí òjò kò kán rárá. Nítorí náà, mo dábàá pé kí a pe ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ní *ìsẹ̀rì*. Ìsẹ̀rì lára ewé ni ìrì. Ìsẹ̀rì nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni kùrukùru. Ìsẹ̀rì lókè ni ìkùukùu. Omi ìdérí ìkòkò àti omi ara ìgò náà, ìsẹ̀rì ni. Ọ̀rọ̀ kan ti kó gbogbo wọn jọ, bí òfin físíìsì ti kó wọn jọ.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ oko kò lè gbé ẹrù ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé iná ìdáná ni *iná* kí ó tó di ti mànàmáná, kò sì sí ẹni tí ó ń ṣì í gbọ́. Òtítọ́ ni pé ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gba ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọlé ní ọdún 2022, tí ó sì fagi lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn. Òfin lè yí padà. Ìperí tí ó dára kì í bá òfin lọ.

Àǹfààní mìíràn tún wà. Iṣẹ́ ọdún 2016 ti parí, ìkùukùu kò sì tí ì dẹ́kun wíwá. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìmẹ̀kọ àti ọ̀kan ní Kétu lè máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ní Yorùbá kan náà, ìgbà tí ìkùukùu túká, bí ìgbóná ti tó, àti ìwọ̀n òjò tí ó rọ̀. Ìwé, òṣùwọ̀n ìgbóná àti agbada òjò ni ohun èlò rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ iná oòrùn fún ilé ìwòsàn yóò fẹ́ mọ iye wákàtí tí oòrùn fi ń fara pamọ́ ní òwúrọ̀. Onímọ̀ náà yóò fẹ́ mọ̀ ọ́n, nítorí àwọn ìṣirò ojú ọjọ́ tí a ń fi kọ̀ǹpútà ṣe kò tí ì mọ ìkùukùu yìí dunjú.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè ni pé, kí a tó fi òǹtẹ̀ lu ìperí kankan lórí ojú ọjọ́, kí a kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àgbẹ̀ Ìmẹ̀kọ àti ti Kétu. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, tí wọ́n sì bá wa tún un ṣe, kí a tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá yé wọn, iṣẹ́ wa kò tí ì parí.