Kí ni "natural" gan-an?

Ẹ̀yin ará, àwọn kan ti ń kọ́ àwọn èèyàn wa pé oúnjẹ tí iṣẹ́ ọwọ́ bá ti wọ̀, kì í ṣe oúnjẹ Ọlọ́run mọ́. A ò gbà o! Ẹni tó bá jẹ ẹ̀gẹ́ tútù bó ṣe tókò dé, májèlé inú rẹ̀ lè pa á. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rin ín, tí a ń dì í sápò kó kan, tí a ń gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ ro dànù, ká tó yan án di gàrí. Irú ńkọ́? Wọn a sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọn a bó o, wọn a bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Oúnjẹ gidi ni.

Ohun tí à ń bá jà ni ká pa irú tì, ká wá fi mágí mẹ́fà se ìkòkò ọbẹ̀ kan. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀, iyọ̀ ló sábà máa ń ṣáájú. WHO ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, bíi ṣíbí tíì kan péré. Lẹ́yìn náà ẹ ó sáré wá fún àdúrà ẹ̀jẹ̀ ríru. A ó gbà á fún yín (ẹ má fi oògùn dókítà sílẹ̀ o), àmọ́ ta ló ń se ọbẹ̀ yẹn?

Dáníẹ́lì fi ọjọ́ 10 jẹ ewébẹ̀, ó mu omi. Kò sẹ́ni tó kọ "natural" sára ewébẹ̀ náà.

Láti Sunday tó ń bọ̀, kò sí juice páálí mọ́ fún àwọn ọmọ Sunday School wa, ì báà kọ "natural" gàdàgbà sára. Ìyá ọlọ́sàn wà lẹ́nu géètì. Ọwọ́ wọn la ó ti máa rà.