Kí Wọ́n Tó Gbẹ́lẹ̀ Ni Ká Ti Parí Ìjà

Àwa tí a ń tajà ní Jonquet, ní Kútọnu, a ní ọ̀rọ̀ kan.

Bí ìjọba bá gbé iṣẹ́ ọ̀nà tàbí gọ́tà ńlá jáde, ọjọ́ tí yóò parí ni wọ́n ń kéde. Wọn kì í sọ ẹni tí yóò ru gbèsè bó bá pẹ́. Ibẹ̀ nìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọkọ̀ ojú irin Blue Line l'Ékòó. 2009 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní yóò parí ní 2011. 4 Oṣù Kẹsàn-án 2023 ni èrò tó wọ̀ ọ́! Owó kò tó, ìjọba sì ń yí padà.

Ẹ má sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ìwé àdéhùn FIDIC tí wọ́n ń lò káàkiri ayé ti là á sílẹ̀: agbaṣẹ́ṣe tó bá fẹ́ àfikún ọjọ́ tàbí owó gbọ́dọ̀ kọ̀wé láàárín ọjọ́ 28. Ti 2017 sì ní kí ìgbìmọ̀ onílàjà wà láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun tí a ń béèrè nìyí: kí ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà, kí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ wáyà iná, páìpù omi àti owó ilé tí wọn yóò wó kí katakata tó dé, kí wọ́n lẹ ètò iṣẹ́ náà sí gbangba.

Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí kòtò bá ti dé iwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ó ti pẹ́ jù.