ÌMỌ̀RÀN FÚN ONÍMỌ́TÒ: Ẹ Má Tíì Yọ Kátálíìsì Yín

   

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kan ẹni tó bá ní ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tó ń lo epo, tó sì tún ń lo bátìrì ńlá. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tí kì í pa ìpàdé jẹ, ní Toyota Prius ọdún 2005. Ìgbéyàwó ọmọbìnrin wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ yìí ni wọ́n sì fẹ́ fi gbé ìyá wọn arúgbó lọ sílé. Àfi bí iná tó ní àwòrán ẹ́ńjìnì ṣe tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mẹkáníìkì kan fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí kọ́ọ̀dù P0420, ó ní, “Bàbá, kátálíìsì ti kú. Ẹ jẹ́ kí n gé e kúrò, kí n jó páìpù lásán síbẹ̀. Èmi náà ni n ó bá yín gbé ògbólógbòó sọnù.” Bàbá ti ń ka owó nínú owó ìyàwó kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Níbi “n ó bá yín gbé e sọnù” yẹn ni ara ti fu mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Inú kátálíìsì dà bí afárá oyin, wọ́n sì fi platinum, palladium àti rhodium kùn ún, ohun iyebíye tí àwọn kan ń wá kiri láti rà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ èéfín olóró tó ń ti ẹ́ńjìnì bọ̀ di èyí tí oró rẹ̀ dínkù. Ẹni tó bá yọ ọ́ ń tú oró sí àdúgbò níbi tí àwọn ọmọ wa ń ṣeré.

Ẹ gbọ́ bí P0420 ṣe ń jáde. Sẹ́ńsọ̀ kan wà ṣáájú kátálíìsì, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì ń wo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó kù nínú èéfín. Bí kátálíìsì bá ń ṣiṣẹ́, iye tí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn ń fi hàn kì í fò sókè sódò. Ó máa ń dúró jẹ́ẹ́. Bí ó bá ń lọ láti bíi 0.1 fóòtì dé 0.9, tó ń padà kíákíá láìsinmi, ìgbà yẹn ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò sọ pé agbára kátálíìsì ti rẹlẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà rí ni kọ́ọ̀dù ń sọ. Kò sọ ohun tó fà á. Páìpù tó ń jò lè mú kí ó ríran òdì.

Àwọn àgbà ní, agbẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà èèyàn ni. Mo ní kí ọmọ wa kan tó mọ iṣẹ́ náà tún ọkọ̀ yẹ̀ wò, kí ó kọ gbogbo kọ́ọ̀dù sílẹ̀ kó tó pa ọ̀kankan rẹ́. Kọ́ọ̀dù kejì wà níbẹ̀: P0171, èyí tó ń wí pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Èyí ni ó kọ́kọ́ tọ̀.

Ó wo fítà afẹ́fẹ́, eruku ọyẹ́ ti dí i. Ó yọ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́, ó fi oje tí wọ́n ṣe fún un nìkan fọ̀ ọ́, kò fọwọ́ kàn án, kò sì fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Ó yẹ púlọ́ọ̀gì àti ọ́ìlì wò, nítorí ẹ́ńjìnì tó ń já iná tàbí tó ń jẹ ọ́ìlì ní ń pa kátálíìsì. Láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnì tutù, ó tẹ́tí sí páìpù èéfín: ó ń dún “tó-tó-tó” níbi ìsopọ̀ kan ṣáájú sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́, èérí dúdú sì wà níbẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ti jẹ. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ òde ń gbà wọlé tó ń tan sẹ́ńsọ̀ jẹ.

Ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, ó pa kọ́ọ̀dù rẹ́. Nítorí pé ẹ́ńjìnì Prius a máa kú fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ bá dúró, ó gbé e sí ipò àtúnṣe tí kì í jẹ́ kí ó kú, kí ó lè ka sẹ́ńsọ̀ dáadáa. Sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn dúró jẹ́ẹ́. Bàbá wá ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, nítorí kọ̀ǹpútà nílò ìrìn kó tó parí àyẹ̀wò. Iná kò tàn mọ́.

Ẹ̀yin ará, mo kìlọ̀ ohun mẹ́ta. Bí iná yẹn bá ń ṣẹ́jú, ẹ dúró, ẹ má wa ọkọ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnì ń já iná, ó sì ń jó kátálíìsì. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn. Iná tó lé ní 200 fóòtì wà nínú rẹ̀. Bí kátálíìsì bá sì kú lóòótọ́, ẹ wá ohun tó pa á kí ẹ tó ra tuntun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò pa tuntun náà.

Ọkọ̀ gbé ìyá àgbà dé Ògbómọ̀ṣọ́ láyọ̀, owó ìyàwó sì pé. Ìròyìn ìgbéyàwó náà wà lójú ewé ẹbí. Mo bá wọn yọ̀, Olúwa yóò fi ọmọ rere ta wọ́n lọ́rẹ. Lóṣù tó ń bọ̀, bátìrì ńlá ni a ó sọ̀rọ̀ lé. Ó dàbọ̀ o.